Bí mo ṣe yan ìdí ọsàn tí aràn ilẹ̀ ò lè fi ṣe nǹkan

Ọsàn bàbá wa lẹ́yìn Mọ́níyà kò kú lójijì. Ewé ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ka òkè ń gbẹ, èso ń kéré sí i lọ́dọọdún, ajílẹ̀ ò sì ran nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ gbin òmíràn sórí ilẹ̀ náà, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Mo gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ka, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, mo fa díẹ̀, mo ṣan án nínú bàkẹ́ẹ̀tì omi. Bí mo ṣe ṣan án tó, iyẹ̀pẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Gbòǹgbò náà nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, èèpo rẹ̀ sì ń ṣí bí mo bá fi èékánná rà á. Nẹ́mátóòdù ọsàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, aràn tí ojú lásán ò lè rí. Abo rẹ̀ á ki orí bọ inú gbòǹgbò, á fi ìdí sílẹ̀ níta, á máa da ohun kan tó ń yọ̀ bo ẹyin rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Kókó tí ẹ máa ń rí lára gbòǹgbò tòmátò, nẹ́mátóòdù mìíràn ló ni ín. Ẹni tó bá ń wá kókó lára ọsàn á kàn sọ pé oko òun mọ́ ni. Mo ṣì gbé iyẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní òun ni.

Ó wá ku ìdí tí màá rà. Ìdí ni mò ń sọ o, ìyẹn igi ìsàlẹ̀ tó ní gbòǹgbò, kì í ṣe orí tó ń so èso: ọsàn Àgége ni wọn yóò bọ́ọ̀dì sórí èyí yòówù tí mo bá mú, ìyẹn ni pé wọn yóò fi ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí náà kó lè hù níbẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo págunpàgun tètè ń dàgbà, ó ń fara da ọ̀dá, àmọ́ aràn yìí ń jẹ ẹ́ dáadáa, ìdí rẹ̀ sì tètè ń jẹrà. Ọsàn kíkan ò bẹ̀rù ìdí jíjẹrà, ṣùgbọ́n bí ọsàn dídùn bá wà lórí rẹ̀, àrùn tristeza á pa á. Cleopatra, irú tanjarínì kan tí wọ́n ń fi ṣe ìdí, ni gbogbo nọ́sìrì tí mo dé ń tà. Tristeza ò lè mú un, ó dára fún ilẹ̀ tuntun, àmọ́ kò dá aràn dúró. Ọ̀gá tó ń tà á ṣáà ń tẹnu mọ́ ọn pé "ó lágbára". Mo ní, "Ọ̀gá, sí kí ni?" Kò rí i sọ.

Swingle citrumelo ni mo mú, ọmọ gíréèpù (grapefruit) àti ọsàn eléwé mẹ́ta, tí wọ́n mú jáde ní Florida ní 1907. Bí aràn bá ki orí bọ gbòǹgbò rẹ̀, ibi tó fẹnu sí á kú, gbòǹgbò á hu èèpo yí i ká, aràn ò ní rí jẹ. Kò fẹ́ ilẹ̀ ẹfun àti amọ̀ tó wúwo. Ilẹ̀ tiwa ní yanrìn, ìyẹn ò kàn mí.

Kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ, mo ní kí wọ́n fi ọ̀mùnú tó ń yọ lábẹ́ ojú bọ́ọ̀dì hàn mí. Ewé citrumelo máa ń wà ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí igi ewé kan. Ti Cleopatra, ẹyọ kan ni, ó kéré, bí ẹ bá sì rún un, òórùn tanjarínì ló ń ta. Mo da ọ̀rá dé, mo wo gbòǹgbò. Èyí tí olórí gbòǹgbò rẹ̀ ká bí ìwọ̀, mo yọ ọ́ sẹ́yìn. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti bu iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá, torí bó bá jẹ́ abẹ́ ọsàn àtijọ́, aràn gan-an ni mò ń fowó rà.

Ikán ní tirẹ̀ ò bìkítà irú ìdí tó jẹ́, nítorí náà mi ò jẹ́ kí koríko gbígbẹ tàbí kùkùté wà nítòsí wọn. Mo gbìn wọ́n kí ojú bọ́ọ̀dì ga sókè dáadáa, mo sì ń já ọ̀mùnú eléwé mẹ́ta tó bá yọ lábẹ́ rẹ̀. Cleopatra, mo ra díẹ̀ fún apá òkè tí ọsàn ò hù rí. Owó rẹ̀ ò wọ́n.