Kí Ẹ Tó Náwó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Ohun Àìdámọ̀ Ojú Òfuurufú

Owó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń ná. Wọ́n á ra awò tí wọ́n fi ń ríran lóru, wọ́n á ra ẹ̀rọ tó ń ké tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá yí padà, wọ́n á ra kámẹ́rà olówó gọbọi. Ọjọ́ tí ohun kan bá wá kọjá lójú ọ̀run, kò ní sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó wo aago. Ó ń bí èèyàn nínú, torí pé ọ̀rọ̀ UAP, ìyẹn ohun àìdámọ̀ ojú òfuurufú, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UFO tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí awakọ̀ bàálù bá rí ohun tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ló délẹ̀ yẹn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọ́fíìsì tó ń darí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí 144 ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan péré ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn mọ ohun tó jẹ́: bàlúùnù ńlá kan tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jò tán. Ohun tí ìròyìn náà sì tẹnu mọ́ jù lọ ni pé dátà tó ṣeé gbára lé kò tó. Àìsí dátà yìí gan-an ni àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí ń bí.

1. "Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́." Ìyẹn kì í ṣe àkókò. Sátẹ́láìtì tó wà ní gíga 550 kìlómítà ń rìn ju 450 kìlómítà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí aago yín bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣìnà, sátẹ́láìtì mìíràn lẹ máa fi wé ohun tí ẹ rí, ẹ ó sì kéde pé kò bá èyíkéyìí mu. Aago UTC, ìyẹn aago kan náà tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ni kí ẹ lò, kó sì dé orí ìṣẹ́jú àáyá. Aago inú kámẹ́rà kì í sábà tọ̀nà, nítorí náà, ẹ fi kámẹ́rà yẹn gan-an ya àwòrán aago GPS lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ lè mọ iye tó fi yá tàbí tó fi lọ́ra. Fáìlì àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí. Àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ ti sọ àkọsílẹ̀ aago àti ibi tí wọ́n ti yà á nù. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

2. Kámẹ́rà tó ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ní ìlọ́po 83 tàbí 125. Lóru, kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í rí ohun tó máa di ojú rẹ̀ mú. Ìràwọ̀ lásán á fẹ̀, á di àwo roboto tó ń gbọ̀n, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín. Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ pa ìfojúsùn aládàáṣe, ẹ fọwọ́ yí i títí ìràwọ̀ kan tí ẹ mọ̀ á fi rí bí ẹnu abẹ́rẹ́, kí ẹ sì ya ìràwọ̀ yẹn kan náà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí "ọkọ̀" yín àti ìràwọ̀ bá ní ìrísí kan náà, lẹ́ǹsì lẹ yà. Àwọn ológun pàápàá bọ́ sínú kòtò yìí. Àwọn ohun onígun mẹ́ta aláwọ̀ ewé tí wọ́n yà láti ojú ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà di ìròyìn káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2022, Scott Bray, igbákejì olórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ojú omi, ṣàlàyé níwájú àwọn aṣòfin pé ìmọ́lẹ̀ tó gba inú awò ìríran òru kọjá sínú kámẹ́rà ló mú ìrísí onígun mẹ́ta náà wá.

3. Ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń ké: ẹ má rà á. Mọ́tò tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé máa ń mú un ké.

4. Kíkéde ìyára ohun tí ẹ kò mọ bó ṣe jìnnà tó. Bí a bá lè mú àṣìṣe kan ṣoṣo kúrò nínú iṣẹ́ yìí, èyí ni kó jẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́: "Ó ń sá ní 9,000 kìlómítà ní wákàtí kan." Ta ló wọ̀n ọ́n? Ojú èèyàn kò lè wọn ìyára, kámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè wọ̀n ọ́n. Igun ni wọ́n lè wọ̀n, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ohun kan kọjá dígírì 10 lójú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá wà ní mítà 50 sí yín, mítà 8.75 ló rìn, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 16 kìlómítà ní wákàtí kan: kòkòrò tàbí ẹyẹ ni. Bó bá wà ní kìlómítà kan, ó di 315 kìlómítà ní wákàtí kan: bàálù ni. Bó bá wà ní kìlómítà 30, ó di nǹkan bí 9,450, ìyẹn sì ni ohun tó ń gbé ìròyìn jáde. Fídíò kan náà ni, igun kan náà ni, aago kan náà ni. Ìjìnnà tí ẹnì kan fọkàn yàn nìkan ló yí padà.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni fídíò tí wọ́n ń pè ní GOFAST. Bàálù ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló yà á ní oṣù kìíní 2015, ní etíkun ìlà-oòrùn, Pentagon, ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i pé kó jáde fún aráyé ní oṣù kẹrin 2020. Ohun kékeré kan ń fò fìrìrì lókè omi, àwọn tó gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń pariwo nínú fídíò náà sì gbà pé kò sí ẹ̀rọ ayé tó lè sá bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo nọ́ńbà tí a nílò ló wà lójú fídíò. Gíga bàálù jẹ́ 25,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí ìjìnnà jẹ́ 4.4 máìlì òkun, kámẹ́rà dojú kọlẹ̀ ní dígírì 26. Máìlì òkun kan jẹ́ 6,076 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà 4.4 jẹ́ nǹkan bí 26,700. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú sine dígírì 26, ìyẹn 0.438: nǹkan bí 11,700. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 25,000, ó ku 13,300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ tún un ṣe níbi tí ìjìnnà ti jẹ́ 3.4 tí igun sì jẹ́ dígírì 35, ẹ ó rí nǹkan bí 13,150. Ohun náà kò sún mọ́ omi rárá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè tàbí sódò.

Ìgbìmọ̀ tí NASA, àjọ tó ń rí sí òfuurufú àti gbalasa òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lórí UAP, tí David Spergel ṣe alága rẹ̀, ṣe irú ìṣirò yìí nínú ìròyìn wọn ní oṣù kẹsàn-án 2023. Wọ́n rí gíga 13,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì rí ìyára nǹkan bí 40 máìlì ní wákàtí kan, èyí tí afẹ́fẹ́ gíga bẹ́ẹ̀ lè gbé ohun fúyẹ́ rìn. Bàálù tó gbé kámẹ́rà ló ń sáré. Omi tó wà lẹ́yìn ohun náà ló ń sá padà, bí igi ẹ̀bá ọ̀nà ṣe ń sá padà lójú ẹni tó jókòó nínú mọ́tò. Fídíò mìíràn tó jáde pẹ̀lú rẹ̀, GIMBAL, kò ní nọ́ńbà ìjìnnà kankan lójú, ìdí pàtàkì kan sì nìyẹn tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò fi tíì parí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìjìnnà, kámẹ́rà méjì tí kò wọ́n ló nílò, kì í ṣe ọ̀kan tó wọ́n. Kí wọ́n jìnnà síra ní kìlómítà kan, ó kéré tán. Ohun tó wà ní kìlómítà 10 á fi ìyàtọ̀ igun nǹkan bí dígírì 5.7 hàn láàárín wọn. Bí àṣìṣe ìwọ̀n igun yín bá jẹ́ dígírì 0.1, ìjìnnà tí ẹ máa rí á ṣìnà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gbé kámẹ́rà méjèèjì sórí òrùlé kan náà, mítà 20 péré sí ara wọn. Ìyàtọ̀ igun á di dígírì 0.11, àṣìṣe yín á sì tó ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n gan-an. Ẹ fi ìràwọ̀ tó wà nínú àwòrán wọn igun, ẹ má fi kọ́ńpáàsì fóònù wọ̀n ọ́n. Aago kámẹ́rà méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu dáadáa: ohun tó ń rìn ní dígírì márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á fi ààbọ̀ dígírì ṣìnà bí aago bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀.

Àṣìṣe tó kàn ni ìgbàgbọ́ pé awakọ̀ bàálù kì í ṣì í. J. Allen Hynek, onímọ̀ ìràwọ̀ tó gba ológun òfuurufú Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí fún nǹkan bí ogún ọdún, sọ ọ́ gbangba pé awakọ̀ bàálù kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára tó bí a ṣe rò. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ni pé kí wọ́n ka ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí sí bàálù tó lè kọ lù wọ́n títí wọ́n á fi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwà yẹn ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ìràwọ̀ yìí kan náà ṣì ń tan àwọn awakọ̀ òde òní. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2011, lókè òkun Atlantic, igbákejì awakọ̀ bàálù kan tó ń ti Toronto lọ sí Zurich ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ránpẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣe bí Àgùàlà ni bàálù tó ń bọ̀ níwájú. Nígbà tó wá rí bàálù náà gan-an, ó rò pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wọn, ló bá ti imú bàálù tiwọn wálẹ̀. Èèyàn 16 ló fara pa.

Ọpọlọ a sì tún máa so ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1968, àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì Zond 4 ti ìjọba Soviet jóná bó ṣe ń padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé lókè Amẹ́ríkà. Iná tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni. Àwọn ẹlẹ́rìí kan sọ pé ọkọ̀ gígùn kan ni, tó ní fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá awakọ̀ lẹ́nu wò, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kankan, kó sì yà á sórí ìwé. Ẹ ya awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má bi í pé báwo ló ṣe ń sáré sí tàbí báwo ló ṣe tóbi tó. Ẹ bi í pé: ibo ni imú bàálù kọjú sí, ní gíga wo, ṣé bàálù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Nínú gíláàsì wo lo ti rí i? Bó o bá na ọwọ́, ìkúùkù mélòó ló fi wà lókè ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀? Ìkúùkù kan jẹ́ nǹkan bí dígírì 10, ìka tó kéré jù jẹ́ nǹkan bí dígírì kan, òṣùpá jẹ́ ààbọ̀ dígírì. Ẹ bi í bóyá ohun náà kúrò lójú kan nígbà tó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kúrò, iná inú yàrá awakọ̀ ló ń tàn padà lára gíláàsì. Ẹ má fi àwòrán kankan hàn án ṣáájú.

Starlink, àwọn sátẹ́láìtì íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ SpaceX, ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún 2019 tí wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́pọ̀, ìròyìn awakọ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá kò lóǹkà. Kì í ṣe ìlà ìmọ́lẹ̀ tó tò gbọọrọ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nìkan. Èyí tó ń dà wọ́n láàmú ni ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ nítòsí ìpẹ̀kun ojú ọ̀run, tó mọ́lẹ̀ sí i, tó kú, tí òmíràn sì yọ níbi kan náà, bíi pé wọ́n ń yí po. Apá ibi tí oòrùn wà lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò apá ibi tí oòrùn wà ní aago UTC yẹn. Bó bá bá a mu, ẹ lọ wá TLE, ìyẹn àkọsílẹ̀ ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì, ti ọjọ́ yẹn gan-an. Starlink ń lo ẹ̀rọ láti yí ipa ọ̀nà rẹ̀ padà, nítorí náà TLE tòní kò wúlò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Bàlúùnù ojú ọjọ́: aago 00 àti 12 UTC ni wọ́n ń fi wọ́n sókè káàkiri ayé, wọ́n sì máa ń gbéra ṣáájú àkókò yẹn díẹ̀. Ẹ wo afẹ́fẹ́ ní gíga tí ohun náà wà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ilẹ̀.

"Kò sí lórí Flightradar24", ìkànnì tó ń fi ibi tí àwọn bàálù wà hàn. Kò túmọ̀ sí pé kò sí bàálù níbẹ̀. Bàálù ológun lè pa ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n máa ń yọ àwọn kan kúrò lójú àwòrán, ẹ̀rọ ilẹ̀ tó ń gbà á kò sì sí láàárín òkun.

"Rédà rí i." Rédà wo, ìgbà mélòó? Ní oṣù kọkànlá 1986, Kenju Terauchi tó ń wa bàálù akẹ́rù ilẹ̀ Japan lókè Alaska ròyìn ìmọ́lẹ̀ àti ọkọ̀ ńlá kan. Àmì kan hàn lójú rédà ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà bàálù ní Amẹ́ríkà, sọ pé àmì bàálù náà fúnra rẹ̀ ló pín sí méjì. Dátà rédà gan-an ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe gbólóhùn ẹni tó wò ó.

Ẹ má sì da "a kò mọ̀" pọ̀ mọ́ "kò ṣeé ṣàlàyé". Ilé iṣẹ́ GEIPAN ti Faransé, tó ń ṣèwádìí irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ CNES, àjọ gbalasa òfuurufú Faransé, ní 1977, yà wọ́n sọ́tọ̀: C ni ti ìṣẹ̀lẹ̀ tí dátà rẹ̀ kò tó, D ni ti èyí tí dátà rẹ̀ dára síbẹ̀ tí kò yanjú. D ni ó yẹ kí ẹ lo àkókò yín lé lórí. Ẹni tó bá ko C àti D pọ̀ láti fi pariwo iye tó ga ń ba iṣẹ́ àwọn tó kù jẹ́.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù lẹ́yìn ti ìyára ni gbígbé orúkọ awakọ̀ síta. Ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu mọ́, nígbà tí ìwọ̀nba tó bá sọ̀rọ̀ bá sì di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, àwọn tó kù á kọ́gbọ́n. Ìgbìmọ̀ NASA mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dámọ̀ràn pé kí wọ́n lo ètò ASRS tí NASA ń darí, níbi tí awakọ̀ ti lè ròyìn ewu láìsí pé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fáìlì tiyín. Ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà bàálù àti ilé iṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí ẹ bá ń pín, ẹ fi aago UTC, igun àti ibi tí bàálù wà sílẹ̀. Ìyẹn ni ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ yín wò nílò.