Ìkòkò bàbà tí mo rà ní Lille

Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, lọ́jà àlòkù ńlá tí wọ́n ń pè ní Braderie ní Lille, nílẹ̀ Faransé, ni mo rí i: ìkòkò bàbà ẹlẹ́tí méjì, ó dúdú bí ìdí ààrò. Ìyá tó ń tà á pè é ní 40 yúrò, mo ná an títí ó fi gbà 25. Kí n tó sanwó, mo gbé e wò. Ó wúwo, ẹnu rẹ̀ sì nípọn. Kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri fún ẹ̀ṣọ́. Ìlà kan tó rí bí eyín ayùn gba ara rẹ̀ kọjá, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ jó o pọ̀ láyé àtijọ́.

Nílé, mo la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, mo tì í bọ iyọ̀, mo fi ń ha ẹ̀yìn rẹ̀. Kíá ni pupa ti yọ. Inú ni wàhálà wà. Tánganran, irin funfun tí òyìnbó ń pè ní tin, ni wọ́n fi ń tẹ́ inú irú ìkòkò yìí kí bàbà má baà kan ọbẹ̀, tèmi sì ti họ tán nísàlẹ̀. Wáìnì tàbí tòmátì tó bá pẹ́ lórí bàbà lásán á fà á sínú oúnjẹ, inú á sì máa run ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Mo gbé e lọ bá étameur, ìyẹn bàbá kan tó ń tẹ́ tánganran sínú ìkòkò. Bàbá náà yan ìkòkò lórí iná, ó bu ìyẹ̀fun funfun kan sí i, èéfín sọ. Ó fi ọ̀pá tánganran kan ìdí rẹ̀, ó yọ́ bí òrí inú oòrùn, ló bá fi òwú nù ún yíká wéré. Inú ìkòkò funfun báláú. 80 yúrò! Owó àtúnṣe ju owó ọjà lọ. Ó ní ìgbákọ onígi nìkan ni kí n máa lò, kí n má sì gbé e sórí iná lófìfo, torí 232°C péré ni tánganran ń yọ́.

Mo gbé e lé sítóòfù wa, kò gbóná. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti mú iná lọ, àfi bíi pé Ìbàdàn ni mo wà. Àṣé irú sítóòfù tó jẹ́ pé ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń gbé iná fún ni, bàbà ò sì sí lára wọn. Bí mo ṣe lọ gbé gáàsì kékeré tá a fi ń ṣeré ìta wá nìyẹn.

Mo din ẹran màlúù nínú páànù irin, kí ooru gbígbẹ má baà ba tánganran jẹ́, mo dà á sínú bàbà pẹ̀lú àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, olú àti ìgò wáìnì pupa Burgundy kan. Wákàtí mẹ́ta lórí iná jẹ́jẹ́. Kò jó nídìí rárá. Etí ìkòkò ló ti ń hó wá, tó ń hó dé àárín, bákan náà. Ẹran rọ̀ débi pé ṣíbí ń gé e.

Ìrẹsì la fi jẹ ẹ́. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn, ó sì dìde lọ mú ata gígún.