Bẹ́ ẹ ṣe lè padà sórí BMX lágbà, àti irú kẹ̀kẹ́ tó máa gbé yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun BMX ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, tẹ́ ẹ máa ń háyà ẹ̀ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń wo aago, tó wá tún ti ń wù yín báyìí tẹ́ ẹ ti lé lọ́gbọ̀n tàbí ogójì ọdún, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin nìkan kọ́. Ara ò kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró lórí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ máa rà gan-an niṣẹ́ wà, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní BMX nínú ọjà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún.

Kẹ́ ẹ tó mú owó dání, ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara yín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ máa fò ni, kẹ́ ẹ máa gbé táyà iwájú sókè bíi tijọ́un, èyí tí táyà ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20 lẹ máa mú, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ máa yípo àdúgbò, kẹ́ ẹ ti Òkè-Ajé dé Ìta-Àlẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kí ọ̀nà tó kún, ẹ wá oní-24 tàbí oní-26 tí wọ́n ń pè ní cruiser, BMX náà ni, orókùn yín ò kàn ní máa gbá yín lágbọ̀n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun oní-20 láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ Ṣàgámù o. Gíà ẹyọ kan ló ní, síìtì ẹ̀ wà nílẹ̀ torí ìdúró ni wọ́n ń gùn ún, kẹ́ ẹ tó dé Odògbolú á ti sú yín, ká má tíì sọ ti àwọn tírélà ojú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọmọdé ìpínlẹ̀ California tó bẹ̀rẹ̀ BMX ní nǹkan bí 1970, àwọn tó ń fi alùpùpù sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń sín jẹ, kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò kọ́ látilẹ̀. Eré sísá ẹ̀ wọ Olympics ní Beijing ní 2008, ti ká máa fi dárà wá tẹ̀ lé e ní Tokyo ní 2021.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni gígùn irin òkè, èyí tó ti abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sí abẹ́ síìtì, top tube ni wọ́n ń pè é. Táyà ò lè sọ bóyá kẹ̀kẹ́ máa gbà yín, torí tọmọdé tàgbà ló ń lo íǹṣì 20 kan náà. Ẹ mú téèpù télọ̀ dání lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín irin iwájú dé àárín irin síìtì. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 5 dé íǹṣì 8, kó wá irin òkè íǹṣì 20.5, ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dé ẹsẹ̀ 6, 20.75 tàbí 21, ẹni tó bá wá ga ju ẹsẹ̀ 6, kó máa wo 21.25 sókè. Tí téèpù bá ní 18, tọmọ yín nìyẹn. Ẹni tó ń tà á máa ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbé síìtì sókè", irọ́ ni, gbígbé síìtì sókè ò fa irin gùn, orókùn yín á ṣì máa kọ lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fà á sókè pẹ́ẹ́n ẹ̀yìn lẹ máa fi lélẹ̀.

Ìyẹn tán, ó ku irin. Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n dà bo ẹṣin ní Ojúde Ọba kọ́ ló ń gbé ẹni tó gùn ún, ẹsẹ̀ ẹṣin ni, so ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán tàn yín. Ẹ wo sítíkà. Tí wọ́n bá kọ 4130 tàbí Cr-Mo, irin tó le tó sì fúyẹ́ nìyẹn. Irin tí wọ́n bá kọ Hi-Ten sí wúwo, ó sì tètè ń tẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fò. Àwọn kan tiẹ̀ máa fi 4130 ṣe irin ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n ṣáà lè rí sítíkà lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ìyókù Hi-Ten. Ẹ lè fi irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́, àmọ́ ẹ má fi fọ́ọ̀kì iwájú, irin tó di táyà iwájú mú, ṣeré, tí fọ́ọ̀kì bá ṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń balẹ̀, eyín lẹ máa fi kí títì.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Irin tó gba àárín ẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ nípọn tó 14mm, sípánà 17 ni nọ́ọ̀tì ẹ̀ ń gbà. Tó bá jẹ́ sípánà 15 ló wọ̀ ọ́, irin tín-ín-rín nìyẹn, àgbàlagbà tó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fò. Ti iwájú lè tín-ín-rín, ìyẹn ò burú. Crank ńkọ́, ìyẹn apá tí pẹ́dà wà lẹ́nu ẹ̀? Tó bá jẹ́ irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ tó la férémù kọjá, ẹ fi sílẹ̀, èyí tó ní apá méjì àti irin àárín lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má sì bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá rí i pé eyín tó gbé ṣéènì níwájú ti kéré gan-an sí tijọ́un. Tijọ́un jẹ́ 44 níwájú, 16 lẹ́yìn, tìsinyìí 25 níwájú, 9 lẹ́yìn, ẹ ṣírò ẹ̀, ẹsẹ̀ yín ò ní mọ̀yàtọ̀, wọ́n kàn dín in kù kó fúyẹ́ kó má sì máa ha ilẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ BMX òde òní, ẹ̀yìn nìkan ni búréèkì wà, àwọn míì ò tiẹ̀ ní rárá. Ìyẹn dáa fún ẹni tó bá ní skatepark, ibi tí wọ́n kọ́ fún irú eré yìí. Níbi tí ọ̀kadà ti ń já wọ títì láti inú kọ̀rọ̀ láìfọn fèrè, ẹ fi búréèkì sí i.

Tòkúnbọ̀ ló máa bá àpò ọ̀pọ̀ wa mu, èmi á sì mú tòkúnbọ̀ tó nírin gidi ju tuntun tí irin ẹ̀ ò dáa lọ. Ẹ gbé e bọ́ sí oòrùn, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa irin òkè àti tìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tó bá hunjọ níbẹ̀, tàbí tí ọ̀dà ti sán, wọ́n ti fi gbá nǹkan. Tẹ́ ẹ bá rí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o, ẹ máa lọ sílé, wẹ́dà wa mọ géètì ṣe dáadáa, férémù kọ́. Ṣéènì tó dógùn-ún ò ṣe nǹkan. Ẹ há táyà iwájú mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ mi ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tún di crank mú kẹ́ ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń yẹ̀, bíárín ti lọ, ó ṣeé pààrọ̀, ẹ ṣáà fi nájà. Ẹ má sì ti òde àríyá gba ibẹ̀ lọ o, tí wọ́n bá ti rí aṣọ òkè lára ọmọ Ìjẹ̀bú owó á gbéra sọ ni.

Tó bá di gígùn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ má fò rárá. Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa, pápá ilé ìwé tẹ́ ẹ bá ti bẹ bàbá géètì, ẹ dúró lórí pẹ́dà, kí pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, kí orókùn àti ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ẹsẹ̀ tó máa ń lọ síwájú fúnra ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lẹ máa fi ṣe gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà lẹ tó máa já bọ́ láti orí pépéle kékeré. Bunny hop, ìyẹn kẹ́ ẹ gbé táyà méjèèjì fò kúrò nílẹ̀, ló kàn: ẹ sọ ara yín wálẹ̀, ẹ fi ìdí lọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ na apá kí táyà iwájú gbéra, bó ṣe wà lókè yẹn ẹ dìde nàró, ẹ ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síwájú kẹ́ ẹ ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ti ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Páálí ni kẹ́ ẹ fi ṣe ohun tẹ́ ẹ ń fò, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù.

Ẹ máa ṣubú ṣá. Ẹ má na ọwọ́ gbọọrọ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló máa ń bá a lọ, ẹ fi èjìká yí. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò gígùn. Pẹ́dà rọ́bà ni kẹ́ ẹ lò ná, ti irin tó ní eyín yẹn á gé yín lójúgun débi pé àbóníkì ò ní ràn án.

Ó ku táyà. 20x2.3 tàbí 2.4 dáa fún àgbàlagbà. Tí wọ́n bá fi ìdá kọ ọ́, bíi 20x1 3/8, ẹ má rà á, rímù ẹ̀ yàtọ̀, kò ní wọ tiyín bó ti wù kẹ́ ẹ fi irin tì í tó. Ẹnu túùbù ẹ̀ bá ti mọ́tò mu, so fọkanáísà èyíkéyìí lè fẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ dúró tì í, torí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà tírélà á bẹ́ túùbù kékeré yẹn kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Nǹkan bí 60 lórí gèèjì fún títì, 40 fún ilẹ̀ pupa, kó má ṣáà ti ju iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lọ.