Bí mo ṣe tẹ ìlú Ìdẹ̀ra dó: ìrírí mi lórí iṣẹ́ àròsọ

Iṣẹ́ tí lẹ́kíṣọ̀ gbé fún wa kò gùn lẹ́nu. Kí kálukú tẹ ìlú kan dó nínú ìwé, ìlú tí ayé ti nira fún àwọn ará ibẹ̀. Kí ó kọ òfin rẹ̀, kí ó ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tẹ̀lé ẹnì kan níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bọ́ọ̀tì, kámẹ́rà lórí gbogbo òpó iná, àti sójà tí kì í rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù láyé ni ohun rere tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ohun rere ni mo kọ́kọ́ wá, nígbà náà. Mi ò wá a jìnnà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló sì máa ń wú mi lórí jù níbẹ̀: Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀ àtàwọn yòókù, àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń jó lọ síwájú ọba. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀kan, àwọn yòókù á dúró tì í. Bí nǹkan bá kan ìlú, wọ́n á dáwó. Mo wá bi ara mi pé, tí òfin bá sọ pé gbèsè ẹnì kan di gbèsè gbogbo ẹgbẹ́ ńkọ́? Tí kò bá sì sẹ́ni tó lè jáde nínú ẹgbẹ́ tí ọdún ìbí rẹ̀ fi í sí? Ibẹ̀ ni ìlú náà ti yọrí. Mo sọ ọ́ ní Ìdẹ̀ra, torí ìjọba tó ń ni ará ìlú lára kì í sọ ìlú rẹ̀ ní Ìnira.

Gbèsè ló gba àkókò mi jù, torí mo fẹ́ kí ó ní ọ̀nà gidi tó ń gbà ṣiṣẹ́, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn baba wa ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún mi. Láyé àtijọ́, ẹni tó yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó kù. Èlé ni iṣẹ́ yẹn, ojú owó wà níbi tó wà. Bí ìwọ̀fà bá kú, ẹbí á wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ológò tún wà: ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò jókòó sílé rẹ̀, tí yóò máa bú u, tí yóò máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ títí owó yóò fi jáde.

Ohun kan péré ni mo yí padà. Ológò Ìdẹ̀ra kì í lọ sílé onígbèsè. Ilé ẹlẹgbẹ́ onígbèsè náà, ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ló ń lọ jókòó sí. Bí mo ti kọ òfin yẹn tán, mo rí i pé ìlú náà kò nílò kámẹ́rà mọ́. Gbogbo ènìyàn á máa ṣọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rà lọ́jà, á máa ka iye ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, á sì gbà pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló ń mú òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún àwòrán ilẹ̀, mo lọ sí Òkè-Ẹ̀rì, lọ wo Erédò Súngbọ́. Yàrà àti ògiri yìí yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún bí kìlómítà 160, ibòmíràn wà tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Èèyàn lè ka èyí kó má rí nǹkan kan. Ó yàtọ̀ téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Igi ti pàdé lókè, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ara ògiri náà dán, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé ti hù bò ó, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, omi yọ sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo gbójú sókè, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n dáàbò bo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni tàbí wọ́n há a mọ́. Mo gbé e sínú ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní Ìdẹ̀ra, gbígbẹ́ yàrà ni èlé. Lọ́dọọdún ni àwọn onígbèsè ń gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Ẹnubodè kò ṣòro. Ìjẹ̀bú àtijọ́ gba owó bodè, wọ́n sì di ọ̀nà òwò mú gírígírí títí Gẹ̀ẹ́sì fi fi ìbọn ṣí i ní Ìmagbọn ní oṣù Karùn-ún 1892. Oníbodè tèmi kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó ń jáde ló ń san án, iye rẹ̀ sì ni gbogbo gbèsè ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí n ó tẹ̀lé. Morẹ́nikẹ́ ni, ó ń dín gàrí. Mo mọ iṣẹ́ náà nítorí ìyá àgbà mi, ẹ̀bá ààrò rẹ̀ ni mo ti kọ apá tó pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Gàrí Ìjẹ̀bú ní láti kan dáadáa nínú àpò, kí omi rẹ̀ ro tán, kí a tó kù ú. Tó bá wá ń gbẹ nínú agbada, ohùn rẹ̀ á yí padà lábẹ́ igbá, á máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́. Ohùn yẹn ni Morẹ́nikẹ́ ń gbọ́ lọ́wọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ká ẹní sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Wọ́n ní kí n wá bá yín jókòó.”

Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá àgbà. Wọn ò dáwọ́ gàrí kíkù dúró.

“Ṣé wọn kì í kú nílùú yẹn ni?”

“Wọ́n ń kú, Màmá.”

“Ta wá ní ń san owó pósí? Gbèsè òkú ńkọ́?”

Ìbéèrè yẹn ló fún mi ní ìran tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ní Ìdẹ̀ra, lálẹ́ àìsùn òkú, akọ̀wé ìlú á gbé ìwé wá kí wọ́n tó dé pósí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ á dúró yí òkú ká, wọ́n á pín gbèsè rẹ̀ láàárín ara wọn tẹkún-tẹkún, ẹni tó bá gba èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n á máa kì. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn.

Nígbà tí mo kà á ní kíláàsì, ọmọ kíláàsì mi kan ní òun lè gbé níbẹ̀, torí ebi kò ní pa òun, ẹgbẹ́ á bọ́ òun. Inú mi dùn púpọ̀. Ẹlòmíràn ta kò ó, àríyànjiyàn náà kò sì tán kí wọ́n tó lé wa jáde ní kíláàsì. Lẹ́kíṣọ̀ bi mí pé ta ló ṣe òfin náà. Mo ní àwọn ará ìlú fúnra wọn ni, lọ́dún ìyàn kan, kí wọ́n má bàa ta ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ní kí n gbé ojú-ìwé yẹn síwájú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wà láàárín, kí ẹni tó ń kà á ti bínú sí òfin náà kí ó tó mọ̀ pé àánú ló bí i, ó sì gbà.

Mo ti ń kọ ìtàn kejì báyìí, ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ká ẹní sílẹ̀ yẹn. Òun náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ìjókòó tó ń jókòó sílé Morẹ́nikẹ́ yìí ló sì fi ń san èlé tiwọn.