Ẹ má sọ ọ́ di tuntun: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí irinṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ àti aago àtijọ́

Pólíìṣì idẹ ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ yá sí. Nígbà tí mò ń to yàrá mùsíọ́mù kékeré wa ní Mọ́kọ́lá, mo gbé theodolite àtijọ́ kan kalẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí sọ̀fíyọ̀ fi ń wo ọ̀nà jíjìn láti wọn igun, mo nù ún títí ó fi ń dán bíi góòlù. Àṣé àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín sí i, tí sọ̀fíyọ̀ fi ń ka dígírì, ni mò ń nù dànù. Àkísà gbígbẹ tó rọ̀ ti tó.

Ti ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ tún ju tèmi lọ. Ó tú ojú awò, ó rí òwú bíńtín méjì tó dábùú ara wọn, ó ké sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, aláǹtakùn ti wọ inú ẹ̀rọ yín o!” Kí n tó débẹ̀, ó ti nù ún kúrò. Òwú aláǹtakùn ni lóòótọ́. Òun ni wọ́n ń ta sínú awò láyé àtijọ́ kí sọ̀fíyọ̀ lè fojú sun ibi tó ń wò.

Ní ti aago, ẹ má rọ òróró sí i yàlàyàlà. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jẹ jíà rẹ̀ bíi iyanrìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé aago onípendulum, èyí tó ní ọ̀pá tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, láti Gbági dé Bódìjà, ẹ yọ pendulum náà kúrò, nítorí irin pẹlẹbẹ tó so ó rọ̀ kì í pẹ́ já.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n to aago sí yàrá kan, irinṣẹ́ ilẹ̀ sí òmíràn. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Sọ̀fíyọ̀ tí aago tó ń sọ àkókò Greenwich (ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà dígírì ayé, ní Lọ́ńdọ̀nù) wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi theodolite wo ìràwọ̀ kó lè mọ àkókò ibi tó wà, á fi ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì mọ iye dígírì tí òun fi jìnnà sí Greenwich, níhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn Ìbàdàn ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú ti Greenwich. Orí tábìlì kan náà ni kí ẹ gbé méjèèjì sí.

Ẹ má sì tún ohun tó já ṣe kí ẹ tó béèrè ìtàn rẹ̀. A ní ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 66, ojú ẹ̀wọ̀n 100, tí wọ́n fi wáyà so ojú kan nínú rẹ̀. Mo ti mú ẹ̀mú lọ́wọ́ láti yọ ọ́ kí bàbá tó gbé e wá tó sọ pé inú igbó ni òun ti so ó, wáyà rédíò òun ni.