Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ àti Èso Nínú Páànù Kan Ṣoṣo: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Yorùbá Tó Wà ní Gẹ̀ẹ́sì Lásìkò Ìwọ́wé

Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá, ápù máa ń pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn onílé á kó o sínú páálí síwájú ìta, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mú. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn kọjá lára páálí yẹn ni, torí pé lójú tiwa, ápù jẹ́ ohun tí a fi ń panu. A kì í gbé e kaná. Bẹ́ẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lọ́dọ̀ alápatà, ó sì sábà máa ń rọjú ju ẹran màlúù àti ti àgùntàn lọ. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí òtútù ti wọ̀ ọ́ lára, tí kò sì fẹ́ fọ ìkòkò mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ, òun ni mo kọ èyí fún. Páànù kan, ófùn kan, wákàtí kan lé díẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tó ń wọ páànù. Elégédé ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹran tẹ̀ lé e, èso ló ń kẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán oúnjẹ yìí wò, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti ilẹ̀kùn ófùn, mo lọ jókòó. Nígbà tí mo ṣí i, píà ti di ẹ̀kọ, elégédé ṣì le gbandi. Mo tún dá a padà nítorí elégédé, ẹran wá gbẹ bí èèpo igi. Ìrẹsì lásán ni àwọn ọmọ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, owó ẹran yẹn sì dùn mí gan-an.

Ìdí tí èso fi bá ẹlẹ́dẹ̀ mu

Ọ̀rá ló gbé adùn ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá náà ló sì máa ń tètè sú ni lẹ́nu. Ohun tó bá kan díẹ̀ ló ń gé e. Àwa náà mọ èyí nílé: ìdí nìyẹn tí tòmátì fi wà nínú ọbẹ̀ ẹran ọlọ́ràá, tí alùbọ́sà tútù sì fi ń bá súyà rìn. Iṣẹ́ kan náà ni ápù ń ṣe níbí, nítorí náà ápù tó dùn lásán tí kò kan rárá kò wúlò fún wa.

Àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ tipẹ́. Ẹ̀yà ẹlẹ́dẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Gloucestershire Old Spots, funfun tó ní àmì dúdú lára, etí rẹ̀ á wó bo ojú. Abẹ́ igi ápù ni wọ́n máa ń jẹ́ kó máa jẹ̀, kó máa ṣa èyí tó bá já bọ́. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ ọ́ bí ìtàn pé ápù tó ń já lù ú lẹ́yìn ló fi àmì dúdú wọ̀nyẹn sí i lára. Ọdún 1913 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín sílẹ̀.

Irú ápù tí ẹ ó lò

Ápù méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ní, torí iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Èkíní ni Bramley. Ó tóbi, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, bí ẹ bá gé e jẹ lásán, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìlú Southwell ní Nottinghamshire ló ti wá. Ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, ló gbin hóró rẹ̀ ní 1809. Alápatà kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley ló wá ra ilé náà ní 1846, òun ló sì ní kí wọ́n fi orúkọ òun pe èso náà nígbà tí olóko kan fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ gbìn. Nítorí kíkan inú rẹ̀, Bramley kì í dúró nínú iná. Á tú, á rọ̀ bí òwú, á di omi ọbẹ̀. Ìyẹn gan-an la fẹ́ kó ṣe.

Èkejì ni ápù tó máa dúró: Cox tàbí Braeburn. Ó dùn, ó kan díẹ̀, etí rẹ̀ á pọ́n nínú ófùn, kò sì ní tú. Ẹ tún lè fi píà kún un. Píà tí mò ń wí kì í ṣe píà olómi-ọ̀rá tí a fi ń jẹ búrẹ́dì nílé o. Èyí tó gùn lọ́rùn, tí èèpo rẹ̀ rí bí irin tó ti dípẹtà, Conference ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú èyí tó ṣì le díẹ̀. Èyí tó ti rọ̀, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rà

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ wá ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin tó léegun, èyí tí àwọn alápatà ń pè ní pork chop, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbẹ kí èso tó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀rá etí rẹ̀ dànù. Ẹ wá elégédé gíráàmù 600. Elégédé ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára lóṣù kẹwàá máa ń lómi, kò sì dùn; irú èyí tí wọ́n ń pè ní butternut ló dáa jù. Bramley kékeré 1, Cox 2, píà 2, alùbọ́sà pupa 2, áyù ẹ̀yà 4, ata ilẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ata rodo 1, òróró ṣíbí ìjẹun 3, iyọ̀, àti omi ápù tàbí omi lásán mìlílítà 150. Ewé kan tún wà tí wọ́n máa ń fi sí ẹlẹ́dẹ̀, sage lorúkọ rẹ̀. Ó rí bí etí ehoro, irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Ewé 8 tó. Bí kò bá sí, táìmù ilé yín náà ṣe é.

Páànù gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí nǹkan má gun ara wọn. Bí ó bá há, oru ni yóò sè é, kò ní pọ́n.

Bí a ṣe ń sè é

Kí ẹ tó jáde láàárọ̀, tàbí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan ààbọ̀ ra gbogbo ẹran náà, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Iyọ̀ máa ń wọ inú ẹran bí ó bá ní àyè. Èyí tí a bá bù sí i nígbà tó ti ń gbóná, ojú ẹran ló ń dúró sí. Ẹ má fọ ẹran náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún wa láti gbọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń ta káàkiri yẹn ń gbé kòkòrò àrùn lọ sára abọ́ àti ewébẹ̀. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ nù ún.

Ẹ tan ófùn sí 200 Celsius (180 bó bá jẹ́ èyí tó ní fáànù, 6 bó bá jẹ́ ti gáàsì). Ẹ gé elégédé bí ègé dòdò tó nípọn, ẹ la alùbọ́sà sí mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ bó Bramley kí ẹ gé e wẹ́wẹ́; òun nìkan ni èso tó ń bá elégédé wọlé, torí a fẹ́ kó tú. Ẹ da òróró àti iyọ̀ díẹ̀ sí wọn nínú páànù, ẹ fi áyù àti ata ilẹ̀ tí ẹ ti rin sí i, ẹ la ata rodo sí méjì sáàárín rẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá máa jẹ, ẹ yọ hóró ata náà. Ó di ófùn, fún ìṣẹ́jú 25.

Kó tó pé, ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá etí ẹran náà ní ibi mẹ́ta-mẹ́rin kó má baà ká kò nínú iná. Ẹ yọ páànù jáde, ẹ to ẹran lé elégédé lórí, ẹ fi ewé sage lé e, ẹ da omi ápù sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má kan orí ẹran. Ìṣẹ́jú 10.

Ìgbà yìí ni èso wá ń wọlé. Ẹ la Cox àti píà sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ má bó wọn, torí èèpo ló ń dì wọ́n mú. Ẹ fi wọ́n há àárín ẹran, ẹ dá páànù padà fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá tún ṣí i, ẹ ó gbọ́ ọ̀rá tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́ létí páànù. Etí ápù á ti pọ́n, àárín rẹ̀ á ṣì funfun. Bramley ti pòórá. Ní igun páànù, omi rẹ̀ ti ki, ó ti pọ́n, ó ń fà bí oyin.

Ẹ gbé ẹran sórí àwo kó sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Nínú ìṣẹ́jú yẹn, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sínú páànù, ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí rẹ̀ dáadáa. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù yẹn ni ọbẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún kàn-ìn-kàn-ìn ti da ìdajì oúnjẹ nù. Búrẹ́dì ló dára jù láti fi nu ún. Nílé tiwa, iṣu sísè ni.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ti jinná

Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí a se ẹlẹ́dẹ̀ títí yóò fi jinná wọ eegun, ọ̀rọ̀ náà sì nídìí. Níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ń jẹ̀ kiri tó sì ń jẹ ìgbẹ́ èèyàn, ẹyin aràn pẹlẹbẹ gbọọrọ máa ń wọ̀ ọ́ nínú, ó sì máa ń fi ẹran rẹ̀ ṣe ilé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń yẹ ẹran wò níbi ìpẹran, àmọ́ kòkòrò àrùn salmonella àti fáírọ́ọ̀sì hepatitis E tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ṣì lè wà níbẹ̀, ojú kò sì lè rí wọn. Àjọ Food Standards Agency, tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àárín ẹran dé 70 Celsius kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, tàbí 75 fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà á sọ 145 fún yín. Fahrenheit ni wọ́n ń kà, bíi 63 tiwa ni, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3. Láti 2011 ni ìjọba wọn ti gba èyí fún ègé ẹran tí wọn kò lọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ di 70 mú, pàápàá bí aboyún, arúgbó tàbí ọmọ kékeré bá máa jẹ níbẹ̀.

Ẹ ra tẹmómítà ẹran. Ẹ tì í bọ inú ibi tó nípọn jù, kó má kan eegun. Bí kò bá sí, ẹ gé ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun: omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ sí pupa kankan. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí i, òun ló sì ń sọ ẹran rere di bàtà.

Bí àlejò yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, tàbí Adventist, ẹ sọ ohun tó wà nínú páànù kó tó jókòó. Itan adìẹ gba ọ̀nà kan náà, àmọ́ ẹ fi í sínú páànù pẹ̀lú elégédé láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ń pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kà á nílé, níbi tí kò sí ìwọ́wé, ọ̀pẹ̀ òyìnbó lè rọ́pò ápù, òun náà sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ẹ má fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù ra ẹran mọ́jú. Èròjà inú rẹ̀ á jẹ ẹran náà títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú.

Ẹni tó ní igi ápù, tàbí tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ gbé ápù sí àtẹ́lẹwọ́ lórí igi, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ yí i. Bó bá já, ó ti gbó. Píà yàtọ̀: ẹ ká a nígbà tó ṣì le, inú ilé ni yóò ti rọ̀. Bí ó bá rọ̀ lórí igi, àárín rẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹ to èyí tí kò ní ọgbẹ́ sínú páálí níbi tútù tó ṣókùnkùn, kí wọ́n má fara kanra. Bramley tí ẹ ká lóṣù kẹwàá lè dúró títí di oṣù kẹta. Èyí tó já bọ́ kò ní pẹ́, ẹ tètè sè é. Bí ó bá kàn fara gbọgbẹ́, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Bí ó bá ti bu, ẹ dà á nù pátá, torí májèlé èbu ń wọ inú rẹ̀ ju ibi tí ojú ń rí lọ.

Ápù tó já láti orí igi tààrà, ẹ lè fún ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo tó bá ti wọ ilé ìdáná, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ẹlẹ́dẹ̀. Òfin ni ní Gẹ̀ẹ́sì láti 2001, lẹ́yìn tí àrùn ẹnu-òun-pátákò run ẹran ọ̀sìn wọn. Bí ẹlẹ́dẹ̀ yín bá tiẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, òfin náà mú un. Bákan náà, ẹ má di ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láti ilé sínú ẹrù. African swine fever, àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tó pa wọ́n rẹpẹtẹ ní oko Òkè-Arò nítòsí Èkó ní 2020, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè wà láàyè nínú ẹran tí wọ́n kàn fi èéfín gbẹ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú páànù, ẹ jẹ́ kó tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá máa gbé e kaná, ẹ gé ẹran náà wẹ́wẹ́ sínú omi ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ dé e, kí ó hó dáadáa.