Omi Ẹ̀gẹ́ Kò Gbọdọ̀ Dé Odò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Oníṣẹ́ Gàrí àti Agbo Ilé Àgbẹ̀

Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ tàbí bí a ṣe ń yan gàrí, nítorí pé ẹ̀yin tí a kọ ọ́ fún mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni àwọn ewúrẹ́ tí ó kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní etí odò kan tí ẹbu gàrí mẹ́ta ń da omi wọn sí, àti ẹja tí ó léfòó lórí omi kan náà, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣà á sínú igbá kí àwọn àgbà tó lé wọn kúrò. Àwọn kan sọ pé ọ̀tá ló da májèlé sódò. Òótọ́ ni pé májèlé wọ odò náà, ṣùgbọ́n gọ́tà tí àwọn onígàrí fúnra wọn gbẹ́ láti ìdí jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ ni ó gbà wọ̀ ọ́.

Nígbà tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́, omi rẹ̀ a máa ro díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé a sì fà á mu. Láti ìgbà tí irúgbìn ẹ̀gẹ́ tuntun ti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti tàn dé oko wa, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ ní 2002, Nàìjíríà ti fìdí múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí ń wa ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé, ẹbu tí kò ju ti ìdílé kan lọ tẹ́lẹ̀ sì ń lọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta lóòjọ́. Owó ti wọlé, wọ́n ti fi kọ́lé, wọ́n ti fi rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí a padà sídìí òkúta. Ṣùgbọ́n odò tí ó wà níbẹ̀ nígbà òkúta náà ni ó wà níbẹ̀ nígbà jáàkì. Kò fẹ̀ sí i. Ẹbu ti dàgbà, ibi tí omi rẹ̀ ń lọ kò bá a dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan, ìyẹn kílò 1,000, a máa tú omi tí ó tó lítà 250 sí 300 sílẹ̀ nídìí jáàkì, a sì máa mú kílò 200 sí 250 èèpo wá. Nítorí náà, ẹbu tí ń lọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta lóòjọ́, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò da lítà 3,750 sí 4,500 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Omi náà kan, ó ní oró sáyánáìdì nínú, ìdíbàjẹ́ rẹ̀ a sì máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú láti inú odò. Nígbà òjò, ọ̀gbàrá a máa gbé e lọ, ẹ ó sì rò pé kò ṣe nǹkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá ku kòtò kéékèèké, ẹran yóò mu ún bẹ́ẹ̀.

Fún ẹbu tọ́ọ̀nù mẹ́ta, kòtò mẹ́ta ni ẹ ó gbẹ́. Àkọ́kọ́ yóò wà nídìí jáàkì, kí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní jíjìn. Omi ọjọ́ kan yóò sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí sítáàṣì lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ rọra gbọ́n omi ojú rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú kòtò méjì yòókù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò jẹ́ mítà 2 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀ àti mítà 1.5 ní jíjìn, tí yóò sì gba lítà 6,000. Ẹ kún ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí èkejì máa sinmi, ẹ má ṣe da omi tuntun sínú èyí tí ń sinmi, kódà bí ọjọ́ ọjà bá súnmọ́lé. Ẹ fi símẹ́ǹtì rẹ́ kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú, símẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin, kí ó nípọn tó ínǹṣì kan. Àpò símẹ́ǹtì méje sí mẹ́jọ yóò tó. Ẹ bò wọ́n pẹ̀lú páànù, kí ẹ sì sọgbà yí wọn ká, kí ọmọdé tàbí ẹran má baà jìn sínú wọn. Kànga kò gbọdọ̀ súnmọ́ wọn ju mítà 30 lọ, kí odò jìnnà tó ìlọ́po méjì ìyẹn.

A mọ̀ pé ẹ ó sọ pé kò sí owó símẹ́ǹtì. Owó jáàkì kejì wà, owó epo ẹ̀rọ ń wà lójoojúmọ́, owó aṣọ ẹgbẹ́ kì í sì í wọ́n nígbà ayẹyẹ. Àwọn tí ń gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ̀ lè dá a pọ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé. Òfin ti 2007 tó dá NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká, sílẹ̀ pàápàá ka dída ohun olóró sínú omi léèwọ̀, ṣùgbọ́n kí a tó dúró de òfin, aládùúgbò tí ń pọnmi nísàlẹ̀ odò ti tó ìdí.

Omi tí ó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ohun à-dà-nù. Ní Bràsíìlì, ibi tí a gbà pé àwọn Àgùdà ti kó ọgbọ́n gàrí bọ̀, orúkọ tí wọ́n fún un ni manipueira, wọ́n sì ń fi í bọ́ ilẹ̀. Ẹ bu ìwọ̀n omi ẹ̀gẹ́ kan mọ́ ìwọ̀n omi lásán kan, ẹ dà á sí poro tí ẹ kò tíì gbin nǹkan sí, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ kí ẹ tó gbìn. Ẹ má ṣe dà á sídìí ohun ọ̀gbìn tí ó ti hù.

Èèpo ńkọ́? Ẹ sá a lórí tapólì tàbí ilẹ̀ símẹ́ǹtì fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fún ewúrẹ́. Ẹ má sun ún.

Agbo ilé tí ń ṣe àpò kan tí ó tó kílò 50 yóò rí omi bíi lítà 12 sí 15. Ẹ gbè é sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọmọrí bò ó dáadáa, ẹ má sì bù ú sínú kòrotò adìẹ.

Ní ìparí oṣù Kejì, ẹ gbọ́n kòtò ńlá méjèèjì gbẹ, ẹ ha ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn lọ sóko, kí ẹ sì yẹ páànù orí wọn wò, kí òjò àkọ́rọ̀ má baà bá wọn ní kíkún.